Asẹ́ Inú Ímeèlì: Ta Ló Ń Sẹ́ Lẹ́tà Yín?

Ìbéèrè: Kí ni "filter" tí wọ́n ń sọ yìí gan-an?

Ìdáhùn: Asẹ́ ni, ó jọ èyí tí a fi ń sẹ́ ògì. Ọ̀kan wà tí iléeṣẹ́ tó ni ímeèlì ń lò fúnra rẹ̀, òun ló ń da èérí sí spam, ìyẹn àpò tí lẹ́tà tí kò wúlò ń lọ. Òmíràn ni èyí tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín ṣe: "Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ báńkì wá, kó o lọ síbí."

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe ń dá èérí mọ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń wò, ìyẹn sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní 1996, asẹ́ AOL, iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, kò jẹ́ kí àwọn ará Scunthorpe, ìlú kan ní England, forúkọ sílẹ̀, torí pé lẹ́tà mẹ́rin inú orúkọ ìlú wọn jẹ́ èébú lédè Gẹ̀ẹ́sì. (Ẹ wá ro tiwa wò, àwa tí oníjìbìtì ti bá wa ba orúkọ jẹ́!) Lónìí, ó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ní òun kọ lẹ́tà ló kọ ọ́ lóòótọ́. Láti oṣù Kejì 2024, Google ti sọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ di dandan fún àwọn tó ń fi nǹkan bíi 5,000 lẹ́tà ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́.

Ìbéèrè: Àǹfààní rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò fara sin. Ìpolówó ọjà kò ní bo lẹ́tà iléèwé ọmọ yín mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ewu wo ló wá wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Asẹ́ kì í pariwo. Lẹ́tà tí wọ́n fi pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ kan sùn sínú spam fún ọjọ́ 11. Nígbà tí mo fi máa rí i, wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Tó bá pé ọjọ́ 30, Gmail á pa á rẹ́ pátápátá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni asẹ́ tí olè ṣe sínú ímeèlì yín. Bó bá mọ password yín, ó lè pàṣẹ pé kí gbogbo lẹ́tà báńkì gba ibi ìdalẹ̀nù lọ tààrà. Ẹ ó máa retí alẹ́ẹ̀tì, kò ní dé. Kódà bí ẹ bá yí password padà, àṣẹ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo ni mo ti lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìdáhùn: Lórí kọ̀ǹpútà ni, torí áàpù Gmail orí fóònù kì í fi hàn. Ẹ ṣí Settings, lẹ́yìn náà "Filters and Blocked Addresses", kí ẹ ka àwọn àṣẹ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá rántí pé ẹ ṣe, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì yí password lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo "Forwarding" náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti lè pàṣẹ pé kí lẹ́tà yín máa lọ sí àdírẹ́sì ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ kò fẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ sọnù, ẹ ṣe asẹ́ tirẹ̀, kí ẹ mú "Never send it to Spam". Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é fún báńkì, torí orúkọ báńkì ni oníjìbìtì fẹ́ràn láti fi bojú jù.