Ilẹ̀ Ni Ó Ń Dá Ọkọ̀ Dúró

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń kọ́ ní ọkọ̀ wíwà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó gbà pé bíréékì ni ó ń dá ọkọ̀ dúró. Táyà ni bíréékì ń dá dúró. Ilẹ̀ tí táyà dì mú ni ó ń dá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dúró.

Ohun tó bá ti wà lórí ìrìn kì í ṣàdédé dúró, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣàdédé yà. Bí ipá kan kò bá tì í tàbí kó fà á láti ìta, ọ̀kánkán ni yóò máa lọ, eré kan náà ni yóò sì máa sá. Isaac Newton kọ òfin yìí sílẹ̀ ní ọdún 1687, kò sì sí awakọ̀ tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tí táyà sì dára, láti ìgbà tí bíréékì bá ti mú, yóò tó nǹkan bíi mítà 20 kó tó dúró. Bí ó bá ń sá 120, ènìyàn lè rò pé mítà 40 ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 80 ni, nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára inú ìrìn ọkọ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò sì dì í mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A kò tíì ka ìṣẹ́jú àáyá kan tí ojú fi ń rí ewu tí ẹsẹ̀ sì fi ń dé orí bíréékì mọ́ ọn o. Láàárín rẹ̀, ọkọ̀ náà ti lọ ju mítà 30 lọ.

Òjò a máa dín ìdìmú yìí kù gan-an. Àkọ́rọ̀ òjò ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé eruku ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọ́ìlì tó ti kán sílẹ̀ a pò pọ̀ mọ́ omi, ọ̀nà a sì máa yọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ ilà ara táyà yín: inú àwọn ilà wọ̀nyí ni omi ń gbà jáde kí rọ́bà tó lè kan ọ̀dà. Táyà tó ti dán lè dúró gbagidi lábẹ́ bíréékì, kí ọkọ̀ ṣì máa yọ̀ lọ.

Ní kọ́nà pẹ̀lú, ilẹ̀ ni ó ń ti táyà sí ẹ̀gbẹ́ kí ọkọ̀ tó lè yà. Eré ìlọ́po méjì ń béèrè ipá ìlọ́po mẹ́rin. Bí ilẹ̀ kò bá ní i, ọ̀kánkán ni ọkọ̀ ń forí lé. Àwọn èèyàn a ní nǹkan kan ló gbé ọkọ̀ náà jù sínú igbó. Kò sí ohun tó gbé e. Ọ̀nà ló yà tí ọkọ̀ kò yà.

Ti tírélà tó ń bọ̀ láti òkè ọya le ju èyí lọ. Gbogbo agbára ìrìn ẹrù náà ni bíréékì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ di ooru, bí ó bá sì gbóná jù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní mú dáadáa mọ́. Ìdí nìyí tí awakọ̀ rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ti bọ́ sí jíà kékeré láti òkè, kí ẹ̀yin ọlọ́kadà sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe já wọ iwájú rẹ̀.