Bí Ẹgbẹ́ Akọni Àtijọ́ Ṣe Ń Jíǹde, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ Ẹ̀ka Awo Lára Rẹ̀

Tábìlì roboto kan ló wà lójú èèpo All Star Comics nọ́ńbà 3, ìwé kọ́míìkì tó jáde ní Amẹ́ríkà nígbà tí ọdún 1940 ń parí lọ. Akọni mẹ́jọ ló jókòó yí i ká, Justice Society of America sì ni wọ́n pe ara wọn. Àwọn ni ẹgbẹ́ akọni alágbára àkọ́kọ́ nínú kọ́míìkì. Ẹ wo àwọn tó wà nídìí tábìlì náà dáadáa. Iwin ọlọ́pàá tí àwọn ọ̀daràn pa ni Spectre. Akoto onídán ni Doctor Fate ń dé. Hawkman ti wáyé rí ní Íjíbítì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọba. Wọ́n pa á, ó tún ayé wá. Fìtílà àràmàǹdà ló ń fún Green Lantern lágbára. Mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ awo ni agbára wọn ti wá. Ẹni tó bá ń bínú lónìí pé wọ́n ń fi iwin àti oògùn ba ẹgbẹ́ àwọn àgbà jẹ́, kó rántí pé inú ilé ni iwin náà ti jáde.

Ikú ẹgbẹ́ kì í pẹ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ọjà àwọn akọni dẹnu kọlẹ̀, nígbà tó sì di 1951, wọ́n sọ ìwé náà di All-Star Western, àwọn kábọ́ọ̀yì gba ipò wọn. Àjíǹde ló máa ń gba àkókò, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é. Ní 1961, Jay Garrick, Flash àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà, yọjú nínú ìwé Flash tuntun, nọ́ńbà 123. Àlàyé wọn ni pé ayé méjì ló wà, àwọn àgbà ń gbé ní èkejì. Àlejò ẹnì kan péré ni, kí wọ́n lè fi mọ bí ọjà ṣe rí. Ní 1963 wọ́n kó gbogbo ẹgbẹ́ wá kí Justice League, ẹgbẹ́ akọni tuntun ti ìgbà náà, ó sì di àlejò ọdọọdún. Ó di 1976 kí All Star Comics tó padà sórí pẹpẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní nọ́ńbà 58, bí ẹni pé ó kàn sùn lọ fún ọdún 25 ni.

Àwọn òǹkàwé wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Jerry Bails àti Roy Thomas ò yé kọ lẹ́tà sí olótùú Julius Schwartz nítorí àwọn àgbà náà. Nígbà tó yá, Thomas fúnra rẹ̀ di òǹkọ̀wé kọ́míìkì, òun ló sì kọ All-Star Squadron, ìwé nípa àwọn àgbà náà, ní 1981. Ọ̀pọ̀ àjíǹde ló rí bẹ́ẹ̀: ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lánàá ló ń jókòó sórí àga olótùú lónìí.

Ẹ̀ka awo, ìyẹn ìwé tuntun tó yọ lára ti àtijọ́ tó sì jẹ́ pé onídán, iwin àti abàmì ló kún inú rẹ̀, pẹ́ kó tó dé nítorí òfin. Comics Code ti 1954, tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ṣe kí ìjọba má bàa dá sí i, ka amùjẹ̀, ènìyàn tó ń di ìkookò àti òkú tó ń rìn léèwọ̀. Ní 1971 wọ́n dẹ okùn fún méjì àkọ́kọ́. Òkú tó ń rìn ò rí ojúure, ni Marvel, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì kan, bá sọ tiwọn ní “zuvembie”, òkú kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀! Lọ́dún yẹn kan náà, Marvel fi Doctor Strange onídán, Hulk àti Namor, ẹni tó ti wà láti 1939, dá ẹgbẹ́ Defenders sílẹ̀.

DC, ilé iṣẹ́ tó ni Justice League, ṣe tiwọn ní 2011: Justice League Dark. Orúkọ ẹgbẹ́ tó lókìkí ni wọ́n yá, àmọ́ àwọn mìíràn ló wà nínú rẹ̀: John Constantine, Deadman, Madame Xanadu, Zatanna. Bàbá Zatanna, Zatara, wà nínú Action Comics nọ́ńbà 1 ní 1938, ìwé tí Superman kọ́kọ́ hàn nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2018, wọ́n fi Wonder Woman ṣe olórí, nítorí ojú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ló ń fa oníbàárà wọlé.

Ibí ni àwọn olólùfẹ́ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní awo fún àwọn akọni tí kò gbajúmọ̀ nínú ìwé ńlá láyè láti mí. Àwọn kejì ní bí ọfọ̀ bá lè ṣe ohun gbogbo, ìjà ò dùn mọ́. (Zatanna a máa sọ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó sì ń ṣẹ. Ọlọ́fọ̀ ilé wa á rẹ́rìn-ín.) Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn kejì: ìwé tí idán ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ onídán ló máa ń dùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ló ń gbé ìwé ró. Ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì ni ilé iṣẹ́ ń tà fún, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìdápadà. Èyí tí kò bá tà di ẹrù olùtajà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìwé tó jáde ni olùtajà gbọ́dọ̀ ti sọ iye ẹ̀dà tó fẹ́. Olùtajà á ka orúkọ àwọn tó ní kó ya tiwọn sọ́tọ̀, á fi díẹ̀ lé e. Bí orúkọ bá jẹ́ mẹ́rin, ó lè béèrè ẹ̀dà mẹ́fà. Ẹni tó ń pariwo ìfẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó ní òun ń dúró de ìwé àkójọ, ìyẹn ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n dì pọ̀, ńkọ́? Òun gan-an wà lára ohun tó lè pa ìwé olóṣooṣù náà.

Ohùn tààrà ti ṣiṣẹ́ rí o. Ní 1988, DC ní kí òǹkàwé fi tẹlifóònù dìbò bóyá Jason Todd, Robin ìgbà náà, igbákejì Batman, á kú. 5,343 ní kó kú, 5,271 ní kó yè. Ó kú. Sẹ́ńtì 50 ni ìpè kọ̀ọ̀kan.

Ìdí kan tún wà tí àwọn ilé iṣẹ́ kì í fi jẹ́ kí àgbà sùn pẹ́. Orúkọ tí wọn kò bá lò lè bọ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́: nígbà tí DC gbé Captain Marvel àtijọ́ padà ní 1973, Marvel ti gba orúkọ náà sórí ìwé tiwọn, ni DC bá kọ Shazam! sójú èèpo. Àṣẹ ẹni tó ni ìwé (copyright) lórí ìwé 1940 sì ń lọ sópin ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2036, tábìlì roboto yẹn, pẹ̀lú iwin tó jókòó tì í, á di ti gbogbo ènìyàn.