Aláró Ló Bí Ìmọ̀ Kíka Ọmọ Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀

Tí kòrónà tàbí ọ̀fìnkìn burúkú bá dá èèyàn wó, tí dókítà ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye lymphocyte, ọ̀wọ́ kan nínú àwọn ọmọ ogun ara. Bí iye wọn bá ṣe já wálẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà sábà máa ń le tó. Ta ló dá àṣà yìí sílẹ̀? Àwọn oníṣègùn á ní àwọn ni. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, tí ìyá ìyá mi rẹ aṣọ láró n'Ítòkú títí èékánná rẹ̀ fi dúdú, mo ní àwọn aláró ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe é.

Ìdí aṣọ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Delft, nílẹ̀ Netherlands, oníṣòwò aṣọ kan wà tó ń jẹ́ Antonie van Leeuwenhoek. Kò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Àwọn oníṣòwò aṣọ ayé ìgbà yẹn a máa fi dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo fọ́nrán òwú, kí wọ́n lè mọ aṣọ tó hun dáadáa. Leeuwenhoek wá ń ṣe dígí tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tó lágbára ju ti ọlọ́jà lọ, òun ló sì fi rí àwọn horo (sẹ́ẹ̀lì) pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní 1674. Tèmi ni pé ojú ọlọ́jà ló fi wò wọ́n. Ẹni tó ti ń ka òwú láti ìgbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí ni ì bá tún bi ara rẹ̀ ju pé "mélòó ni?" Bóyá ó tilẹ̀ ti gbìyànjú àtikà wọ́n lórí dígí, kó tó já a jù sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àròsọ lèyí, ṣùgbọ́n kò jìnnà sóòótọ́ lójú mi.

Oníṣègùn kan, William Hewson, kọ nípa àwọn horo tí kò pupa, àwọn ọmọ ogun ara tí a ń pè ní horo funfun, ní London láàárín ọdún 1770 sí 1774. Ó ṣe bẹbẹ, àmọ́ wàhálà tó wà níbẹ̀ kò kúrò: funfun tí a ń pè wọ́n yìí, wọn ò funfun rárá, wọn ò láwọ̀ ni. Àní lympha tó wà nínú orúkọ lymphocyte, omi ló túmọ̀ sí lédè Látìn. Ta ló lè ya omi kan sọ́tọ̀ nínú omi?

Ibí làwọn aláró ti wọlé. Ní 1854, Baikie, dókítà òyìnbó kan, fi quinine, oògùn ibà, gòkè odò Ọya, ibà kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó bá a lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ ọdún 18 kan ní London, William Perkin, ń gbìyànjú láti fi ọ̀dà èédú ṣe quinine. Quinine kò jáde, àwọ̀ elése-àlùkò ló jáde. Àwọn bàbá wa ti ní agbe ló láró, àlùkò ló losùn. Òyìnbó náà wá rí tiwọn he nínú èédú, ilé iṣẹ́ aláró sì gbilẹ̀ káàkiri Jámánì.

Nínú aró wọ̀nyí ni Paul Ehrlich, dókítà ará Jámánì kan, ti bu tirẹ̀. Karl Weigert, ìbátan rẹ̀, ló kọ́kọ́ fojú rẹ̀ mọ ọ̀nà náà. Ní 1879, Ehrlich fi aró rẹ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lórí dígí, horo kọ̀ọ̀kan sì mú àwọ̀ tirẹ̀. Àwọn kan gba eosin, aró pupa kan, wọ́n pupa bí osùn (Eos ni àwọn ará Gíríìkì ń pe òrìṣà àfẹ̀mọ́júmọ́), àwọn kan sì yan àwọ̀ búlúù láàyò. Lymphocyte hàn gbangba: ọmọ inú rẹ̀ dúdú bí ẹ̀lú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ara rẹ̀ tán.

Wọ́n á ní Karl Vierordt ti ka horo ẹ̀jẹ̀ ní 1852. Ó kà á. Malassez náà tún un ṣe ní 1874, Wallace Coulter sì gbàwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ l'Ámẹ́ríkà ní 1953. Ẹni tó ka agbo ẹran tí kò mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àgùntàn ni gbogbo wọn.

Ìyókù kò pẹ́. Nígbà àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn burúkú 1918, àwọn dókítà rí i pé horo funfun ń dín kù lára aláìsàn dípò kó pọ̀. Ní 2003, SARS, àrùn tó jẹ́ ìbátan kòrónà, já lymphocyte wálẹ̀ ní Hong Kong. Ní Wuhan, nínú aláìsàn kòrónà 41 tí wọ́n kọ́kọ́ ròyìn ní oṣù kìíní 2020, 26 ni lymphocyte wọn kò tó 1,000 nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju mílímítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga. Kì í ṣe pé gbogbo lymphocyte tó dín yẹn ló kú o; a gbà pé àwọn kan fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ bá àrùn jà nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Wọ́n tún máa ń fi neutrophil, ọ̀wọ́ horo funfun mìíràn, wé lymphocyte, kí wọ́n wo iye ìgbà tí ti àkọ́kọ́ fi ju ìkejì lọ. Ṣùgbọ́n neutrophil ọ̀pọ̀ èèyàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kéré sí ti òyìnbó láìsí àìsàn kankan, nítorí àbùdá àjogúnbá kan náà tí wọ́n ń pè ní Duffy, tó ń dáàbò bo wọ́n lọ́wọ́ irú ibà kan tó ń jẹ́ vivax. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ òyìnbó gé, ó lè má bá wa lára mu.

Lónìí ṣì ni, ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò wa, ẹnìkan á da aró Leishman, èyí tó ti wà láti 1901, sórí dígí, á dúró díẹ̀, á ṣan án, omi elése-àlùkò á sì máa ṣàn lọ bí omi tó ń ti ìdí ìkòkò aró bọ̀. Á wá ka 100 horo funfun, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, bí 20 sí 40 nínú wọn ló máa ń jẹ́ lymphocyte.