Ṣé Ara Lè Mọ Kíndìnrín Àlejò Lójú Débi Tí A Ó Fi Pa Oògùn Tì?

"Ara á ti mọ̀ ọ́n lójú." Ohun tí ẹbí àti ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá ti pààrọ̀ kíndìnrín fún ẹnì kan, tí ọdún mẹ́ta mẹ́rin sì kọjá, tí ara rẹ̀ le koko. Kí ló tún ń gbé oògùn mì láràárọ̀, lálaalẹ́ fún? Aláìsàn náà a máa bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a wí, ẹni tó ń san owó oògùn yẹn ló mọ bó ṣe ń ta á. Ṣùgbọ́n irọ́ ni: ara kì í gbà á.

Ọ̀rọ̀ "pààrọ̀" gan-an wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í yọ ti àtijọ́ rárá. Ìsàlẹ̀ ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìbàdí, ni wọ́n ń gbé tuntun sí, tí wọ́n á so ó mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àpò ìtọ̀. Ẹni náà wá ní kíndìnrín mẹ́ta nínú, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Àlejò ni ẹyọ kan ọ̀hún, àwọn ọmọ ogun ara sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oògùn bíi tacrolimus ló ń dá wọn dúró.

Ẹ wo bí èyí àkọ́kọ́ tó kẹ́sẹ járí ṣe rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní Boston, ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n gbé e sínú Richard, ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì. Richard lo ọdún 8 sí i. Ẹyin kan náà ló pín sí méjì tó di àwọn méjèèjì, ara Richard kò rí àjèjì tí yóò bá jà. Àwa tí a ní ìbejì jù láyé, tí a ní Ìgbò-Ọrà, a lè rò pé tiwa ti dáa nìyẹn. Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú ìbejì wa ti wá. Bí ọmọ ìyá kan náà lásán ni wọ́n rí. Kẹ́hìndé lè fún Táyé ní kíndìnrín, kí Táyé sì máa lo oògùn títí ayé.

Ẹni tó bá dá oògùn dúró kì í rí ohunkóhun lọ́jọ́ kejì. Ìjà yìí kì í pariwo. Inú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni creatinine, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti máa ń kọ́kọ́ gòkè, kí ẹsẹ̀ tó wú, kí ìtọ̀ tó dín kù. Bí kíndìnrín náà bá kú, ó di fífọ ẹ̀jẹ̀ padà. Ìgbà yẹn ni ara mọ̀ ọ́n lójú lóòótọ́: ó ti ṣe ohun ìjà sílẹ̀ de irú rẹ̀, wíwá ẹlòmíì tí tirẹ̀ máa bá a mu á sì nira ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Iṣẹ́ abẹ mìíràn ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwọn oníṣègùn jù. Ìpá dé, tàbí apẹ́ńdíìsì, tàbí wọ́n fẹ́ fi abẹ gba ọmọ, ẹni náà kò sì mẹ́nu bà á pé kíndìnrín àlejò wà nínú òun, nítorí ó ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n fẹ́ gé lè wà nítòsí rẹ̀. Bó bá ń lo sirolimus, òmíràn nínú àwọn oògùn tó ń dá ọmọ ogun ara dúró, ojú ọgbẹ́ kì í tètè jiná. Àwọn dókítà máa ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ọjọ́ abẹ tó pé. Prednisolone, òun náà lára àwọn oògùn yìí, tó ti lò fún ọdún púpọ̀ lè ti mú kí ara dẹ́kun ṣíṣe èròjà tirẹ̀ tó jọ oògùn yẹn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọgbẹ́ lè ti ń ṣe ọyún, síbẹ̀ kí ibà má tíì mú un. Tí wọ́n bá sì fún un ní diclofenac tàbí ibuprofen fún ìrora, kíndìnrín yẹn ló máa forí fá a.

Kò túmọ̀ sí pé abẹ kejì ti di èèwọ̀ fún un. Wọ́n ń ṣe é, ó sì ń yọrí sí rere, bí àwọn tó ń tọ́jú kíndìnrín bá ti bá oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n lè ní kó má jẹ, kó má mu láti òru. Kó bi wọ́n léèrè nípa oògùn àárọ̀. Wọ́n sábà máa ń ní kó fi omi díẹ̀ gbé e mì.