Bí 2.13 dọ́là ṣe di owó iṣẹ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún yín ní Amẹ́ríkà

Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní pépà owó iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ní Houston, mo rò pé wọ́n ṣì í kọ ni. Wákàtí 38 ni mo fi gbé àwo kiri lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n kọ 2.13 dọ́là sí iwájú wákàtí kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ 80.94 dọ́là, owó orí wá wọlé, torí wọ́n ń yọ owó orí típù, ìyẹn owó ọ̀yàyà tí oníbàárà ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ fún un, mọ́ ọn níbẹ̀, ohun tó kù nísàlẹ̀ pépà ni òdo, òdo, òdo. Mo mú un lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní, "Àbúrò, wọn ò ṣì í kọ o, bí òfin ṣe ní kí wọ́n san án nìyẹn, típù yẹn gan-an lowó iṣẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló jókòó tó sọ pé 2.13 ni? Mo wá a lọ wá a bọ̀, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ yìí, torí àwọn ọmọ wa pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ní Texas àti Georgia, ọ̀pọ̀ wọn ló sì rò pé ọ̀gá àwọn ló ya ahun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé ṣàlàyé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ ra gààrí lọ́jà, ìyá tó ń tà á á wọn kọ́ńgò yín kún, á tún bu díẹ̀ lé e, tí kò bá bù ú ẹ̀yin náà á ní "ìyá, ẹ fi èènì sí i." Èènì wà, ọjà wà. Kò sí ìyá kankan tó máa gbowó lọ́wọ́ yín kó wá ní èènì nìkan lòun máa wọ̀n, kẹ́ ẹ lọ tọrọ gààrí yòókù lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá. Bí típù náà ṣe kọ́kọ́ wọ Amẹ́ríkà nìyẹn, èènì ni, oníbàárà ló kàn ń fún òṣìṣẹ́. Àwọn olówó ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń lọ ṣe fàájì ní Yúróòpù láàárín ọdún 1800 sí 1900 ló rí i lọ́hùn-ún tí wọ́n gbé e wálé, àwọn aráàlú ò sì fẹ́ràn ẹ̀ rárá, wọ́n ní ìwà olówó sí ìránṣẹ́ ni, àwọn ò sì torí ẹ̀ sá kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó yí i padà ni pé ogun abẹ́lé wọn parí lọ́dún 1865, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn dúdú bọ́ lọ́wọ́ ẹrú, wọn ò nílẹ̀, wọn ò lówó, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn ilé oúnjẹ gbà wọ́n, òtẹ́ẹ̀lì gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà wọ́n jù ni George Pullman, tó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ lọ́dún 1867, kọ́ńpìnnì tó ń ṣe ọkọ̀ rélùwéè téèyàn lè sùn sínú ẹ̀. Àwọn ọkùnrin dúdú ni Pullman ń wá fún iṣẹ́ pọ́tà inú ọkọ̀ yẹn, ó sì ń wá àwọn tó ti ṣe ẹrú rí, ó gbà pé wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn. Pọ́tà ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń gbé ẹrù, tí gbogbo èrò bá ti sùn lóru òun ló máa jókòó tì bàtà wọn tí á máa fi pólíìṣì dán an, owó ara ẹ̀ ló sì fi ra pólíìṣì yẹn. Àwọn èrò kì í pe orúkọ wọn, "George" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, orúkọ ọ̀gá, bí wọ́n ṣe máa ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú láyé àtijọ́. Nínú àṣà tiwa tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí oríkì wà fún un, ẹ wo irú ẹ̀sín tí ìyẹn jẹ́.

Wákàtí 400 lóṣù, tàbí máìlì 11,000, ni pọ́tà gbọ́dọ̀ ṣe kó tó rí owó oṣù ẹ̀ gbà pé. Lọ́dún 1915, 27.50 dọ́là lowó oṣù yẹn. Típù ló ń gbé ìyókù. Ohun tó wá dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹni tó ṣe ọ̀gá kọ́ńpìnnì yẹn lẹ́yìn ikú Pullman, láti 1897 títí di 1911, ni Robert Lincoln, ọmọ bíbí inú Abraham Lincoln tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira àwọn ẹrú lọ́dún 1863.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbìyànjú. Washington ló kọ́kọ́ ṣòfin pé ẹ̀ṣẹ̀ ni típù, lọ́dún 1909, Mississippi tẹ̀ lé e, Arkansas, Iowa, South Carolina, Tennessee àti Georgia náà ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n kàn ní kí oníbàárà má fún un ni, wọn ò sọ pé kí ọ̀gá wá san owó gidi, nígbà tó máa fi di 1926 wọ́n ti pa gbogbo òfin yẹn rẹ́.

Àwọn pọ́tà dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1925, A. Philip Randolph ló ṣáájú wọn, ọdún méjìlá ni wọ́n fi jà kí Pullman tó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún 1937. Lọ́dún kejì Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù fún gbogbo orílẹ̀-èdè, sẹ́ǹtì 25 fún wákàtí kan. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn, àmọ́ òfin yẹn yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé oúnjẹ sílẹ̀, ó yọ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀, ó yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì làwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí jù.

Àwọn tó ń gbé ẹrù ní ibùdókọ̀ rélùwéè, tí wọ́n ń pè ní redcap torí fìlà pupa tí wọ́n ń dé, wà lábẹ́ òfin náà. Kí làwọn ọ̀gá wọn wá ṣe? Wọ́n ní kí oníkálukú wá máa ròyìn iye típù tó rí lóòjọ́, tó bá ti tó sẹ́ǹtì 25 ní wákàtí kan, ó ti gba owó iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, tí kò bá tó làwọn máa fi díẹ̀ kún un. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Jacksonville ní Florida gbé e lọ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, lọ́dún 1942 ilé ẹjọ́ yẹn sì dá ọ̀gá láre. Lójú tèmi ibẹ̀ gan-an ni èènì ti di ọjà lábẹ́ òfin.

Nígbà tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ wá mú ilé oúnjẹ wọnú òfin lọ́dún 1966, wọ́n kọ ohun tí ilé ẹjọ́ sọ yẹn wọ ìwé, wọ́n pè é ní tip credit, ọ̀gá lè fi típù san ìdajì owó tó kéré jù. Látìgbà yẹn tí owó tó kéré jù bá ti gòkè, owó wétà, ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, náà á gòkè tẹ̀ lé e, torí ìdá lórí ẹ̀ ni. Lọ́dún 1991 owó tó kéré jù jẹ́ 4.25 dọ́là. Ẹ pín in sí méjì, 2.125, wọ́n sún un sókè díẹ̀ di 2.13. Ibi tí iye yẹn ti wá nìyẹn, kò sẹ́ni tó ṣírò owó ilé tàbí owó oúnjẹ ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1996 ni wọ́n wá dè é mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé oúnjẹ, tí Herman Cain jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà yẹn, ọkùnrin dúdú tó wá du ipò ààrẹ lẹ́yìn ọ̀la, ń rìn síbí rìn sọ́hùn-ún nílé aṣòfin, Ààrẹ Clinton fẹ́ kí owó tó kéré jù kúrò ní 4.25 bọ́ sí 5.15, ó sì rí i gbà, ṣùgbọ́n òfin kan náà yẹn já okùn tó so owó wétà mọ́ ọn, ó ní 2.13 ni kó dúró sí. Owó tó kéré jù ti wá di 7.25 láti 2009, 2.13 ṣì wà níbi tó wà. Òfin ní tí 2.13 àti típù èèyàn lápapọ̀ ò bá tó 7.25 kí ọ̀gá fi kún un, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ló máa lọ bi í, ta ló fẹ́ lọ bi ọ̀gá tó ń pín ọjọ́ iṣẹ́? Wọ́n á kàn fi ẹ sí ọ̀sán ọjọ́ Ajé tí kò sí oníbàárà. Ọ̀gá tèmi ò fi kọ́bọ̀ kún un rí, èmi náà ò bi í.

Àmọ́ ìpínlẹ̀ lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá wù ú. Alaska, California, Minnesota, Montana, Nevada, Oregon àti Washington ò gba tip credit rárá, odindi owó tó kéré jù lọ̀gá máa san, típù á wá lé e. Maryland tí àwọn èèyàn wa kún dẹ́múdẹ́mú ń san 3.63. Ní Washington D.C. àwọn aráàlú dìbò lọ́dún 2018 pé kí wọ́n máa san odindi, ìgbìmọ̀ ìlú fagi lé e lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n tún dìbò ọ̀hún lọ́dún 2022, ó wọlé, lọ́dún 2025 ìgbìmọ̀ tún gé e kù. Chicago ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ láti 2024, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fòfin de típù. Lọ́dún 2025 wọ́n ya fọ́tò pépà owó iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wákàtí 38 náà ni wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, 16.66 dọ́là ló wà níwájú ẹ̀, 633.08 ní àròpọ̀ kó tó di pé owó orí kàn án, típù sì wà lórí ìlà tiẹ̀ lọ́tọ̀ nísàlẹ̀.