Ìdí tí oorun ọmọdé fi ń dàrú lásìkò ìsinmi ọdún

Àgbà tí oorun ń kùn á máa tòògbé lórí àga. Ọmọdé ní tirẹ̀ á máa sáré kiri, á máa pariwo, á sì máa sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan. Àwọn tó wà nítòsí á ní oorun ò tíì kun ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kó máa ṣeré. Bẹ́ẹ̀, ó ti rẹ ọmọ kọjá ààlà ni. Apá iwájú ọpọlọ tó ń kó ìwà níjàánu tètè máa ń mọ àìsùn lára, ti ọmọdé ò sì tíì gbó rárá.

Nǹkan méjì ló ń darí oorun. Èkíní dà bí ẹrù. Láti ìgbà tí èèyàn bá ti jí ni èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine á ti máa gbára jọ nínú ọpọlọ. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú ń wúwo, oorun ló sì ń gbá a kúrò. Ẹrù yìí tètè ń kún fún ọmọ kékeré ju àgbà lọ, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún méjì fi gbọ́dọ̀ sun oorun ọ̀sán. Kaféènì inú ṣokoléètì àti àwọn ohun mímu bíi kólà kì í sọ ẹrù náà kalẹ̀, ńṣe ló ń dí ọpọlọ létí kó má gbọ́ pé ó wúwo. (Ṣúgà tí gbogbo ayé ń dá lẹ́bi kò jẹ̀bi: nígbà tí àwọn olùwádìí kó àbájáde oríṣiríṣi àyẹ̀wò pọ̀ lọ́dún 1995, wọn ò rí i pé ó ń sọ ọmọ di aláriwo.)

Èkejì ni aago inú ara, tó wà nínú ọpọlọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tò ó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ara á tú èròjà kan tó ń jẹ́ melatonin jáde láti kéde pé alẹ́ ti lẹ́. Iná tó mọ́lẹ̀ rekete àti ojú fóònù lálẹ́ ń dá ìkéde yìí dúró, pàápàá lára ọmọdé, torí ẹyinjú wọn ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju ti àgbà lọ. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ní tirẹ̀ ń fa aago náà padà, kí oorun lè tètè kun ọmọ lálẹ́.

Ibi tí ìsinmi ti ń ba nǹkan jẹ́ gan-an nìyí. Ọmọ tó ń sùn ní aago 8 á sùn ní aago 11, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí di aago 10 òwúrọ̀ kó lè rí oorun sùn dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti fò ó nìyẹn, ẹrù oorun sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n á ní kó lọ sùn ní aago 8, ojú rẹ̀ á là kedere. Kì í ṣe oríkunkun. Aago ara rẹ̀ ti sún ni, ó sì rọrùn fún aago náà láti sún wọ òru ju kó padà lọ.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni òbí lè dì mú lásìkò tí ọwọ́ dí, àkókò jíjí ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe àkókò sísùn. Alẹ́ òde kò ṣeé dá dúró, òwúrọ̀ ṣeé ṣàkóso. Kí ọmọ tó pẹ́ sùn má fi ju wákàtí kan lọ kọjá àkókò tó máa ń jí, kó sì san gbèsè tó kù pẹ̀lú oorun ọ̀sán tàbí kó tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ṣọ́ra fún oorun inú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́: ìṣẹ́jú 20 péré ní aago 5 lè ná ẹrù oorun tó yẹ kó gbé ọmọ sùn lálẹ́.

Ní ti iye rẹ̀, American Academy of Sleep Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 2016 pé kí ọmọ ọdún 1 sí 2 máa sun wákàtí 11 sí 14 lójúmọ́, ọmọ ọdún 3 sí 5 wákàtí 10 sí 13, oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 6 sí 12, wákàtí 9 sí 12.

Bó bá jẹ́ ilé onílé ni wọ́n ti fẹ́ sùn, kí aṣọ ìbora ọmọ bá a lọ, kí ètò alẹ́ má sì yí padà. Fífi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ wúlò níbẹ̀: ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara, ooru á bá ibẹ̀ jáde, inú ara á wá tutù díẹ̀, èyí sì ń fa oorun.

Kí iléèwé tó wọlé, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ ló tó láti fi dá jíjí padà. Ọmọ tó ń jí ní aago 9:30, tó sì gbọ́dọ̀ máa jí ní 6:30, nílò ọjọ́ 6, pẹ̀lú fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu ní gbàrà tó bá ti lajú.