Fáìfù sítà kì í ṣe ìlérí ọ̀yàyà

Ẹyin díndín tó ti tutù ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London wálé fún ìgbéyàwó. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun ò ní da ẹnikẹ́ni láàmú, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Victoria Island lòun máa sùn. Orúkọ ilé náà ò ṣe pàtàkì. Irú wọn pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá a jẹun. Ilẹ̀ ń dán débi tí mo fi ń rí bàtà mi nínú rẹ̀, òdòdó tútù wà lórí tábìlì, oúnjẹ tí wọ́n tò kalẹ̀ kí kálukú bu èyí tó wù ú sì gùn tó ọkọ̀ akérò. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dín ẹyin fún òun. Nígbà tó dé, àfi bí ẹni pé alẹ́ àná ni wọ́n ti dín in. Ó pe wéítà, ọmọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní. Ọmọ náà tẹrí ba.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀gá wa."

Ó lọ. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kó tó padà dé, ó ní ọ̀gá wà nípàdé.

"Fáìfù sítà lèyí náà?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó yẹ kí wọ́n gba ìràwọ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn."

Mo bi í pé ta ni "wọ́n". Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àwọn tó fún wọn níràwọ̀ náà."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A rò pé àjọ kan wà níbì kan, bí FIFA ti wà fún bọ́ọ̀lù, tó ń rán ènìyàn kiri ayé láti jókòó ti tábìlì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo bí wéítà ṣe ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì gbé ìràwọ̀ márùn-ún fún ẹni tó bá mọ àlejò tọ́jú. Kò sí irú àjọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá kì í fún hòtẹ́ẹ̀lì kankan níràwọ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Níbòmíràn, ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é; níbòmíràn, ẹgbẹ́ àwọn onílé ìtura fúnra wọn; níbòmíràn, ẹni tó kun pátákó.

Bí ìràwọ̀ ṣe dórí hòtẹ́ẹ̀lì máa pa yín lẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò tí wọ́n ń pè ní AA ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1912. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, Stenson Cooke, ti fìgbà kan rí ta wáìnì àti ọtí líle. Ó mọ̀ pé búràńdì oníràwọ̀ mẹ́ta ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, ó bá gbé àmì náà kúrò lára ìgò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé. Àwọn yòókù tó sọ irú iṣẹ́ yìí dolókìkí náà, ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gbé wọn débẹ̀. Michelin tó ń ta táyà tẹ ìwé atọ́nà rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1900. Ìwé tó di Forbes Travel Guide lónìí, orúkọ Mobil, àwọn elépo, ló ń jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1958.

Ẹ wò ó ná. Ẹni tó wa mọ́tò wọ ìlú àjèjì lálẹ́, kí ló fẹ́ mọ̀? Ṣé omi gbígbóná wà? Ṣé ibi tí mo máa gbé mọ́tò sí wà? Bí mo bá kan ilẹ̀kùn láago mọ́kànlá, ṣé ẹnì kan máa ṣí i? Lójú tèmi, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ wáyé láti dáhùn: kí ló wà, kí ni kò sí. Títí dòní, iṣẹ́ yẹn náà ló ṣì mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ní ilẹ̀ Faransé, àjọ ìjọba ló ń bójú tó o, téèpù sì ni wọ́n fi ń wọn púpọ̀ nínú rẹ̀. Yàrá ẹni méjì nínú hòtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ kan gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 9. Ti fáìfù sítà, 24. Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá wù ló ń bèèrè fún un, ìwé tí wọ́n bá sì gbà, ọdún 5 ló ń lò. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí fáìfù sítà kankan lábẹ́ òfin Faransé kó tó di 2009. Mẹ́rin ni òpin. Ilé tó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ "luxe", ìyẹn "afẹ́" lédè wọn, kún un. Àwọn ilé ńláńlá Paris tí àwọn ọba àti ààrẹ ti ń sùn láti ìgbà pípẹ́, oníràwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n lórí ìwé. Òfin yí padà, ìràwọ̀ karùn-ún dé. Wéítà ò yí padà, síbí ò yí padà, iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ ò dín, kò lé. Nígbà tó di 2010, wọ́n tún dá oyè kan tó ń jẹ́ "Palace" sílẹ̀ lókè márùn-ún, torí márùn-ún ti ń di ti tẹrú tọmọ.

Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Yúróòpù para pọ̀ dá Hotelstars Union sílẹ̀ lọ́dún 2009 kí òṣùwọ̀n wọn lè bára mu. Mo fẹ́ràn ìwé tiwọn, torí kò fọ̀rọ̀ pamọ́. Fáìfù sítà gbọ́dọ̀ ní ènìyàn níbi ìgbàlejò tọ̀sán-tòru. Bí ebi bá pa yín láago mẹ́ta òru, oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè dé yàrá yín. Aṣọ tó bá rún, wọ́n gbọ́dọ̀ lè bá yín lọ̀ ọ́ láàárín wákàtí kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ lè kun bàtà. Nírọ̀lẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọlé wá tún ibùsùn ṣe de oorun. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń rán àlejò alámí lọ sáwọn ilé tó wà lókè pátápátá láti yẹ̀ wọ́n wò. Síbẹ̀, "ṣé ó wà?" ni ìbéèrè tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n bi jù. Ẹni tó gbé ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀ padà wá lè kí yín "ẹ kú ìsinmi, mà", ti ilé míì sì lè jù ú sórí àga kó máa lọ. Àmì kan náà ni ilé méjèèjì máa gbà. Ẹyin wà, wọ́n ti fi àmì sí i. Bó ṣe gbóná tó, ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nídìí ààrò lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

N ò ní kí ẹ da ìràwọ̀ nù o. Bí mo bá ń mú ìyá mi tí orúnkún ń dùn rìn, mo fẹ́ mọ̀ pé lífítì wà.

Sẹ́fùn sítà ńkọ́? Burj Al Arab, hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣílẹ̀kùn ní Dubai ní December 1999 ni gbogbo ayé ń fi orúkọ yẹn pè. Akọ̀ròyìn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mú wo ilé náà káàkiri ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé ẹnu yà á. Jumeirah tó ń bójú tó ilé náà ní àwọn ò fi ṣe ìpolówó rí. Oríkì ni sẹ́fùn sítà, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń ki èèyàn kì í mú téèpù dání.

Nílé wa, ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù. Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ló láṣẹ lórí ìforúkọsílẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àti bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n sípò. Ìpínlẹ̀ Èkó ní rárá. Ní July 2013, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Èkó láre, ó ní àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ náà. Èyí túmọ̀ sí pé nínú Nàìjíríà nìkan, òṣùwọ̀n lè tó 36, Abuja lọ́tọ̀. Ẹ wá rántí pé lára ìràwọ̀ tí à ń rí lórí pátákó àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan wà tó jẹ́ pé onílé ló kọ ọ́ sára ilé ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbà á padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó kun pátákó ló yẹ ká lọ fẹjọ́ sùn.

Oúnjẹ ló tún da gbogbo rẹ̀ rú, torí ìràwọ̀ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ máa gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé "Michelin fáìfù sítà". Kò sí i. Ìràwọ̀ Michelin kì í ju mẹ́ta lọ, ilé oúnjẹ ló sì wà fún. Láti 2024 ni wọ́n ti ń fún hòtẹ́ẹ̀lì ní tiwọn, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n pe ìyẹn, òun náà kì í sì í ju mẹ́ta. Ohun tó wà nínú àwo ni ìràwọ̀ oúnjẹ ń wò: ṣé èròjà rẹ̀ dára, ṣé ọwọ́ alásè mọ́ iṣẹ́, ṣé ti òní dùn bíi ti àná. Aṣọ tábìlì ò sí níbẹ̀, ẹ̀rín wéítà ò sí níbẹ̀.

Ẹ wo The Ritz ní London. Ọdún 1906 ló ṣí, orúkọ César Ritz tó dá a sílẹ̀ sì ti wọnú èdè Òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ fún ohun tó gbayì. Síbẹ̀, ọdún 2016 ni ilé oúnjẹ inú rẹ̀ tó gba ìràwọ̀ Michelin àkọ́kọ́. Ọdún 110 rèé tí àwọn èèyàn ti ń wọ kóòtù lọ jẹun níbẹ̀! Ní February 2024, Adejoké Bakare, ọmọ Nàìjíríà, gba tirẹ̀ fún Chishuru, níbi tó ti ń se oúnjẹ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nínú London kan náà. Chishuru ò sí nínú hòtẹ́ẹ̀lì kankan. Ẹni tó bá ń tìtorí ọbẹ̀ gba yàrá fáìfù sítà, ibùsùn ló sanwó fún.

Kí ló wá ń jẹ́ kí àlejò rí ìtọ́jú? Lójú tèmi, àṣẹ ni. Ní Ritz-Carlton, ilé-iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tó yàtọ̀ sí The Ritz yẹn, òfin kan wà tó gbajúmọ̀: òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, lè ná tó 2,000 dọ́là lórí àlejò kan láti yanjú ìṣòro rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ máníjà. Kì í ṣe pé wọ́n ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí òfin náà ń sọ fún òṣìṣẹ́ ni pé àwọn ọ̀gá fọkàn tán an. Ẹ wá gbé ọmọ tó gbé ẹyin tútù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ó mọ̀ pé ẹyin náà tutù. Ojú tì í, mo rí i lójú rẹ̀. Ẹyin méjì péré ló fẹ́ ní kí wọ́n tún dín, kò sì láṣẹ rẹ̀. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí pé irú ẹyin bẹ́ẹ̀ lè di ohun tí wọ́n máa yọ nínú owó oṣù. Ta ló máa fi owó ilé tirẹ̀ ṣe àlejò fún onílé?

Àwa tá a máa ń sọ pé àlejò tó bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀, kò yẹ kí àlejò ṣíṣe jẹ́ ìṣòro wa. Àmọ́ ẹ̀dùn ọkàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà máa ń sọ: wọ́n wọ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá nílùú ara wọn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi wọ́n pé ta ni wọ́n wá rí, Òyìnbó tó tẹ̀ lé wọn sì kọjá wọlé pẹ̀lú "welcome, sir". Ọ̀ràn èkùrọ́ náà nìyẹn, a kàn ń wojú kí a tó pín in ni. Ìwé òṣùwọ̀n wo ló ní àyè tí wọ́n ti máa fi àmì sí ìyẹn?

Ká má parọ́, Forbes Travel Guide sún mọ́ ohun tí à ń wá. Àwọn olùyẹ̀wò wọn máa ń fi orúkọ pamọ́, wọ́n ń san owó yàrá bíi ti àlejò yòókù, ohun tí wọ́n ń wò lè tó 900, ìtọ́jú àlejò sì wúwo ju ilé lọ nínú máàkì wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé fáìfù sítà tiwọn àti fáìfù sítà ìjọba Faransé kì í ṣe nǹkan kan náà, bí wọ́n tiẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan.

Ní tèmi, bí mo bá fẹ́ mọ ojú tí wọ́n máa fi wò mí, ohun tí àwọn àlejò oṣù tó kọjá kọ ni mo ń kà. "Ó dára gan-an" ò sọ nǹkan kan fún mi. "Omi ò yọ, wọ́n sì gbé wa lọ sí yàrá míì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá" sọ púpọ̀. Mo ń wò ó bóyá máníjà ń dá àwọn tó bínú lóhùn, àti bóyá èsì kan náà ló ń fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, màá pe ilé náà lórí fóònù láago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ọ̀gá ti lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ìyẹn lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó tún fẹ́ wálé, ó pe ilé méjì. Fóònù ti fáìfù sítà dún títí kí wọ́n tó gbé e, wọ́n ní kó fi í-meèlì ránṣẹ́. Ilé kejì kéré, ní Ìkẹjà, ìràwọ̀ mẹ́ta ló wà lórí pátákó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ òfúrufú òun máa balẹ̀ láago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ kejì, ṣé oúnjẹ á ṣì wà?

Ẹni tó gbé fóònù dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ máa jẹ, mà? Kí n lè sọ fún alásè wa kó má tíì lọ sílé."